Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ṣọdún Dìwálì, ọdún ìmọ́lẹ̀ wọn, rí, kí lẹ rí?

Àrẹ̀mú Pune: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé Íńdíà, ẹ sọ tiyín. Báwo ni alẹ́ ọjọ́ Lakshmi, òrìṣà ọrọ̀ wọn, ṣe rí lọ́dọ̀ yín?

Ìyá Ìbejì: Báńgà. Mi ò sùn.

Ọmọ Ẹdẹ: Ahmedabad ní Gujarat lèmi wà. Màmá onílé wa po ìyẹ̀fun ìrẹsì mọ́mi, wọ́n fi ya ẹsẹ̀ wínníwínní sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí ojúbọ. Gbogbo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀hún ló kọjú sínú ilé, kí Lakshmi lè tọ̀ ọ́ wọlé. Òṣùpá kì í yọ lóru yẹn, fìtílà amọ̀ ló kún ojú fèrèsé. Bí ọmọ-ọmọ wọn ṣe gbé ìgbálẹ̀ lálẹ́ báyìí, màmá figbe ta! Pé ó fẹ́ gbá ọrọ̀ síta.

Bàbá Kékeré: Ṣẹ́ ẹ ti gbọ́? Ohun tí ìyá mi ń wí látijọ́ nìyẹn. A kì í gbálẹ̀ lóru!

Ṣadé Leicester: Òkùnkùn ló fà á jàre. Tówó bá bọ́ sílẹ̀, ẹ ò ní rí i, ẹ á gbá a dànù. Níbi tíná wà ńkọ́?

Bàbá Kékeré: Iná wo, àǹtí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Leicester, nílùú Ọba.

Ìyá Ìbejì: 😂😂

Kọ́lá: Ìgbálẹ̀ yìí kan náà ni wọ́n máa ń rà lọ́jọ́ Dhanteras, kó tó di Dìwálì gan-an. Olówó ń ra góòlù, ẹlòmíì ń ra ìkòkò.

Ajíhìnrere: Ẹ̀yin onígbàgbọ́ tẹ́ ẹ jẹ oúnjẹ òrìṣà wọn ńkọ́?

Ọmọ Ẹdẹ: Kajú àti ṣúgà ni mo jẹ, sà.

Tóyìn: Ẹ má fi Gujarat ṣe gbogbo Íńdíà o. Ní Kolkata, Kali, òrìṣà obìnrin mìíràn, ni wọ́n ń bọ lálẹ́ yẹn. Lakshmi ti gba tiẹ̀ lóru òṣùpá àrànmọ́jú tó ṣáájú. Òwìwí ló sì ń gùn.

Bàbá Kékeré: Òwìwí kẹ̀! Ẹ má bá mi kí i wọlé.

Ṣadé Leicester: Àwọn ará Gujarat pọ̀ níbí, títí kan àwọn tí Idi Amin lé kúrò ní Uganda lọ́dún 1972. Belgrave Road kì í gbẹsẹ̀ tó bá dọjọ́ náà.

Kọ́lá: Ìwé ìṣirò owó tuntun làwọn oníṣòwò wọn ń gbé síwájú Lakshmi. Ọ̀gá tèmi ò níwèé, kọ̀ǹpútà ló gbé síbẹ̀. Wọ́n fi àtíkè pupa tọ́ ọ lórí, wọ́n wọ́n omi sí i.

Ìyá Ìbejì: Omi! Ṣó padà tàn?

Kọ́lá: Ó tàn dáadáa. Bónọ́ọ̀sì Dìwálì wa ni ò yọjú.