Òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹnì kan gba Sọ́ńdè márùn-ún, èmi gba òru kan péré

Ìyá Tòmíwá
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Orí mi ti gbóná láti àárọ̀, mi ò sì lè bá ọkọ mi sọ ọ́ mọ́, torí ó ní ojoojúmọ́ ni mò ń gbé iṣẹ́ wálé.

Nọ́ọ̀sì Band 5 ni mí, ìpele tí nọ́ọ̀sì ti ń bẹ̀rẹ̀, ní ilé ìwòsàn NHS (ti ìjọba) kan ní Ìlú Ọba níbí, wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà, ọdún kẹta mi rèé. Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí mọ̀ pé owó oṣù nìkan kò gbé wa délé, bank òpin ọ̀sẹ̀, ìyẹn àfikún ṣíìfù tí wọ́n ń sanwó ẹ̀ lọ́tọ̀, ló ń ràn wá lọ́wọ́. Owó ilé ńkọ́? Owó iná? Owó ibi tí ọmọ ń wà tí mo bá lọ síṣẹ́? Àbúrò mi kan wà ní Àkúrẹ́ tó ku ọdún kan kó jáde ní yunifásítì. Ìjì tún ká òrùlé bàbá mi lóṣù kẹrin, páànù ṣì wà nílẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Sọ́ńdè kan ṣoṣo ń dí ihò púpọ̀.

Sister kan, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá nọ́ọ̀sì, ló ń pín ṣíìfù wọ̀nyí ní wọ́ọ̀dù wa, Band 6 ni, ìpele kan lókè tèmi. Yorùbá bíi tèmi! Ibẹ̀ ló ti dùn mí jù. Ká ní òyìnbó ni, mà á ní kò mọ̀ mí ni. Mo jókòó, mo mú ìwé, mo kà á: láàárín òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, obìnrin kan ṣoṣo, ọmọ Philippines, gba Sọ́ńdè márùn-ún. Òru Sátidé kan péré ni wọ́n fi ta èmi lọ́rẹ.

Obìnrin yìí a máa gbé núdù kan wá fún Sister nínú kúlà. Mo fojú ara mi rí i. Èmi náà gbé mọ́ín-mọ́ín wá lọ́jọ́ kan, ẹlẹ́yin, Sister ní òun kì í jẹ ẹ̀wà lọ́sàn-án. Ọmọ Èkìtì tí kì í jẹ mọ́ín-mọ́ín!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣèèṣì gbọ́ lẹ́nu àwọn HCA, àwọn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, pé Sọ́ńdè tó ń bọ̀ ti kún. Ìgbà wo ni wọ́n kéde ẹ̀? Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún, mo bọ́jú, mo padà lọ pín oògùn. Nígbà tí mo jáde, bọ́ọ̀sì ò wá, òjò ń rọ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi délé.

Ṣé kí n kọ̀wé sí matron ni? Àbí kí n gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì lọ? Àbí kí n kúkú fi wọ́ọ̀dù yẹn sílẹ̀ fún wọn?

Àjọkẹ́
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Àwọn tiwa ló ń ṣe tiwa báyìí. Kọ̀wé. Alẹ́ yìí ni kí o kọ ọ́, má jẹ́ kó di ọ̀la.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Àjọkẹ́, rọra. Ìyá Tòmíwá, ọ̀rọ̀ rẹ kù díẹ̀ kó tó yé wa. Báwo ni wọ́n ṣe ń kéde ṣíìfù náà? Ṣé orí app rósítà ni kálukú ti ń mú tirẹ̀, àbí Sister ló ń pè yín? Ṣé ìwọ alára ti forúkọ sílẹ̀ ní bank? Ṣé o ti fọwọ́ sí ìwé wákàtí 48? Ẹni tí kò bá fọwọ́ sí i, òfin ò gbà á láyè láti ṣe ju wákàtí 48 lọ lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 17 ni wọ́n sì máa ń kó pọ̀ ṣírò. Mo mọ ẹnì kan tó fi oṣù mẹ́ta bínú sí ọ̀gá ẹ̀, kò mọ̀ pé ìwé yẹn ni òun ò dá padà. Ìsinmi wákàtí 11 náà tún wà láàárín ṣíìfù méjì. Ẹni tó bá ṣe òru Sátidé, kò lè fi ẹsẹ̀ kan náà wọ ọ̀sán Sọ́ńdè.

Sísí Peckham
Ẹ ò tíì rí ìpín kankan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ní 2009, care home, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Tí Kérésìmesì bá kù díẹ̀, máníjà wa á kọ orúkọ gbogbo wa sínú ìwé pélébé, á kó o sínú fìlà, á ní kí bàbá arúgbó kan máa fà á jáde, ẹni tí orúkọ ẹ̀ bá jáde ló máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọdún mẹ́ta léraléra, orúkọ tèmi ni bàbá yẹn ń fà. Ọdún kẹta ni mo rí i pé èmi nìkan ló ní orúkọ gígùn, ìwé tèmi ló tóbi jù nínú fìlà.

Ìyá Tòmíwá
Mo ti forúkọ sílẹ̀ ní bank. Mo ti fọwọ́ sí ìwé 48 láti ọdún tó kọjá. Ìwé ìgbélùú mi pé, kẹ́nikẹ́ni má bi mí ní ti físà. Ojúsàájú ni mò ń sọ o. Àbí ẹ fẹ́ kí èmi náà lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń se núdù?

Bàbá Ìbejì
Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ìyàwó mi ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ̀ ń fi Sọ́ńdè pa ara yín. Àwọn ìbejì mi ti mọ adùn ọbẹ̀ tèmi ju ti ìyá wọn lọ. Ṣé a wá sí Ìlú Ọba láti máa rí ìyàwó wa lójú fèrèsé ni?

Àjọkẹ́
Bàbá Ìbejì, ta ló bi yín? Ẹ lọ da ọbẹ̀ yín rú.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀ṣogbo
Ẹ kú ìjókòó. Ilé ni mo wà níbí, iná ò sí, tọ́ọ̀ṣì ni mò ń lò. Ẹ̀yin ń jà lórí Sọ́ńdè tí wọ́n ń lé owó lé. Owó ṣíìfù wà lára ohun tí àwọn ẹgbẹ́ wa ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ torí ẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ níparí oṣù keje 2025. Ẹ bi wá bóyá ó ti dé àpò. Níbi àdáni tí mo ti ń ṣe locum (iṣẹ́ ìgbà díẹ̀), ẹ̀yìn kálẹ́ńdà ni mátírọ́nù ń kọ rósítà sí. Tí o bá fẹnu ṣáátá, báírò yẹn náà ló máa fi fa ìlà sórí orúkọ rẹ. Ẹ máa bá tiyín lọ o, mo kàn ń kà á ni.

Ọmọ Ọ̀wọ̀
Kí àwọn tí kò sí níbí lè mọ ohun tí à ń sọ: ní NHS, Band 5 tó bá ṣiṣẹ́ Sátidé tàbí òru, wọ́n á fi ìdá 30 nínú 100 lé owó wákàtí ẹ̀. Sọ́ńdè àti ọjọ́ ìsinmi gbogbogbò, ìdá 60. Ní 2025, owó wákàtí Band 5 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò tó pọ́n-ùn 16 tán, Sọ́ńdè ló ń gbé e kọjá 25. Ọ̀sán gígùn, láti aago méje ààbọ̀ àárọ̀ sí mẹ́jọ alẹ́, tí wọ́n bá yọ wákàtí ìsinmi kúrò, wákàtí 11 ààbọ̀ ni wọ́n máa san. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pọ́n-ùn 300 kí owó orí tó bù ú jẹ. Sọ́ńdè márùn-ún kì í ṣe ọ̀rọ̀ núdù, ẹ má fojú kéré ẹ̀.

Àmọ́ ìyẹn dá lórí pé trust yín, ìyẹn àjọ tó ń darí ilé ìwòsàn yín, ń san bank bí wọ́n ṣe ń san owó oṣù o, kì í ṣe gbogbo wọn. Tó bá sì jẹ́ overtime (àfikún wákàtí lórí iṣẹ́ ẹni gan-an) ni kì í ṣe bank, ìlọ́po kan ààbọ̀ ni, Sọ́ńdè ò sì yàtọ̀ sí Túsìdeè. Èwo ni tiyín?

Sísí Peckham
Overtime ti kú ní ibi tiwa. Bank ni ohun gbogbo báyìí.

Ọmọ Ọ̀wọ̀
Ibi tiyín nìyẹn. Tiwa ṣì ń san án.

Sísí Peckham
Ẹ fi wa sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká wá síbi tiyín nígbà náà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ìyá Tòmíwá, mo rí gbogbo èsì rẹ. O ò tíì dáhùn ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń kéde ẹ̀?

Ìyá Tòmíwá
Bank ni, Ọmọ Ọ̀wọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọmọ ló ń sunkún lẹ́ẹ̀kan. App wà. Ṣùgbọ́n kó tó dé orí app, orúkọ èèyàn á ti wà nínú ẹ̀! Sister ló ń tẹ orúkọ wọn sí i fúnra ẹ̀. Níbo ló ti ń rí wọn? WhatsApp. Á jù ú sínú group wọ́ọ̀dù lálẹ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ “èmi” ló ni ín. Ṣé bí wọ́n ṣe ń pín nǹkan nìyẹn?

Àjọkẹ́
Kí ló wá dé tí ìwọ kì í kọ “èmi”? Òru lò ń ṣe ni?

Ìyá Tòmíwá
Rárá, ọ̀sán ni mo máa ń ṣe jù. Mi ò sí nínú group náà ni.

Àjọkẹ́
O ò sí níbẹ̀ báwo? Wọn ò fi ọ́ sí i ni?

Sísí Peckham
Mo ti gbé àga mi súnmọ́.

Ìyá Tòmíwá
Mo wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo kúrò lóṣù kẹta. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kẹ́ ẹ tó bú mi. Wọ́n ní ká dá pọ́n-ùn mẹ́wàá mẹ́wàá fún dókítà kan tó ń lọ sí ibòmíràn, ẹni tí kò kí mi rí láyé, “nọ́ọ̀sì” ló ń pè mí, kò mọ orúkọ mi. Mo ní mi ò ní i. Ẹnì kan ju àwòrán ọ̀bọ tó di owó mọ́wọ́ pinpin síbẹ̀. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Sister náà rẹ́rìn-ín, mo rí i. Mo bá jáde. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Mo jáde jẹ́jẹ́ ni.

Àjọkẹ́
Mo gba “kọ̀wé” tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan padà. Àbúrò, o ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ, o wá ń pariwo pé wọn ò ṣílẹ̀kùn.

Ọmọ Ọ̀wọ̀
Ẹ dúró ná, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ má tíì dá a lẹ́bi tán. Group WhatsApp kì í ṣe ibi iṣẹ́. Kò sí nínú kọ́ńtíráàtì ẹnikẹ́ni. Owó ìjọba ni bank, kí ló gbé e dé inú group tí wọ́n ti ń dá owó tí wọ́n sì ti ń fi ọ̀bọ ṣe èèyàn yẹ̀yẹ́? Ẹni tó ń ṣe òru tó ń sùn ńkọ́? Ẹni tó wà lórí mọ́tò? Ẹni tó ń fún ọmọ lọ́yàn ní aago mẹ́wàá alẹ́? Eré sísá lẹ pè ní ìpín. Ẹni tí fóònù ẹ̀ yá lẹ̀ ń fún.

Bàbá Ìbejì
Ọmọ Ọ̀wọ̀ sọ òótọ́ níbí yìí o.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì ò tíì jókòó síbi tí Sister yẹn jókòó sí. Èmi ti ṣe Band 6. Fúráìdeè, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹni méjì pè pé ara àwọn ò yá. Site manager, ọ̀gá tó ń mójú tó gbogbo ilé ìwòsàn lásìkò yẹn, ń pe fóònù wọ́ọ̀dù, ó ń bèèrè pé mélòó la jẹ́ lálẹ́ ọ̀la. Aláìsàn méjì ń fẹ́ ṣubú, ẹnì kan ń dúró de ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sílé. Lásìkò yẹn, mi ò wá ẹni tó kàn. Ẹni tó máa DÉ ni mò ń wá. Mo ní èèyàn mẹ́ta tí mo mọ̀ pé tí wọ́n bá ní àwọn ń bọ̀, wọ́n ń bọ̀. Mo pè wọ́n pè wọ́n títí àwọn yòókù fi ń pe mí ní agbàbẹ̀tẹ́lẹ̀. Mi ò jẹ núdù ẹnikẹ́ni.

Ohun tó yanjú ẹ̀ níbi tiwa: ọ̀gá wọ́ọ̀dù ní ṣíìfù tí a bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí app fún ọjọ́ méjì gbáko kí ẹnikẹ́ni tó tẹ orúkọ sí i, ẹni tó bá sì ti gba Sọ́ńdè kan á sún sẹ́yìn títí àwọn yòókù á fi rí tiwọn láàárín rósítà yẹn. Ti pàjáwìrì nìkan ló kù fún WhatsApp. Ariwo dínkù, kò tán.

Ìyá Tòmíwá, mo fẹ́ bi ọ́ ní ohun kan, má bínú. Ṣé o ti gba bank rí kí o má lọ?

Ìyá Tòmíwá
Ẹ̀ẹ̀kan.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Nígbà wo?

Ìyá Tòmíwá
Oṣù kejì. Sọ́ńdè ni. Mo pè wọ́n ní aago márùn-ún àárọ̀, inú ló ń run mí. Ṣé èèyàn ò lè ṣàìsàn mọ́ ni?

Sísí Peckham
Ìyá Tòmíwá wa, mi ò wá wàhálà o. Àwòrán yín tó wà lókè yìí, gèlè aláwọ̀ ewé yẹn dáa. Mo tẹ̀ ẹ́ kó tóbi. “Manchester, February” lẹ kọ sábẹ́ ẹ̀.

Ìyá Tòmíwá
Òru Sátidé ni wọ́n yà á! Lẹ́yìn ayẹyẹ yẹn gan-an ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí. Jọ̀lọ́ọ̀fù wọn ni, ẹ̀gbọ́n mi náà ṣu títí ilẹ̀ fi mọ́.

Bàbá Ìbejì
Ọbẹ̀ tèmi kì í ṣe báyẹn o.

Alábòójútó
Ẹ fi àwòrán èèyàn sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ìmọ̀ràn ló bèèrè.

Ọmọ Ọ̀wọ̀
Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, Sister ò gbọdọ̀ máa fi WhatsApp pín bank. Ọ̀rọ̀ mi kò yí padà.

Àjọkẹ́
Tèmi náà ò yí padà, padà sínú group.

Ìyá Tòmíwá
Mo ti ronú sí i. Mo kọ ọ̀rọ̀ sí Sister ní aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú. Mi ò bẹ̀bẹ̀ o. Ohun tí Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì Àgbà sọ ni mo kọ, pé ṣé ó lè máa gbé e sórí app ṣáájú fún ọjọ́ méjì. Mo tún fi kún un pé ti oṣù kejì yẹn, kó má bínú. Ó kà á lójú ẹsẹ̀. Kò fèsì fún bíi wákàtí kan, ọkàn mi ti ń já. Ó wá ní òun á bá ọ̀gá wọ́ọ̀dù sọ ọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó tún ní: “Ṣé kí n dá ẹ padà sínú group?”

Àjọkẹ́
Ẹ ṣeun Olúwa. Kí lo wá sọ fún un?

Ìyá Tòmíwá
Mo ṣì ń rò ó. Ṣé tí mo bá padà, wọn ò ní bèèrè pọ́n-ùn mẹ́wàá yẹn?