Ṣé gbogbo òkùnkùn inú Bíbélì ló dúró fún ìwà búburú?

Olùkọ́-Ọ̀dọ́
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. 1 Jòhánù 1:5–7 ni ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ìṣẹ́jú 40 péré la sì ní. Ẹsẹ 5 sọ pé kò sí òkùnkùn nínú Ọlọ́run rárá. Ṣùgbọ́n 1 Àwọn Ọba 8:12 sọ pé inú òkùnkùn biribiri ni Olúwa ní òun ó máa gbé. Báwo lẹ ṣe máa ń là á yé wọn? Èkejì: ọmọ tó bá béèrè pé ṣé nǹkan dúdú ló burú ni, kí la máa dá a lóhùn?

Atúmọ̀
Olùkọ́, ọ̀rọ̀ Hébérù tó ju ẹyọ kan lọ ló pàdé nínú "òkùnkùn" wa. Ti 1 Àwọn Ọba 8:12 ni ʿarafel, ìkùukùu tó ṣú dùdù. Òun náà ló wà ní Ẹ́kísódù 20:21, nígbà tí Mósè súnmọ́ ibi tí Ọlọ́run wà lórí Sínáì. Ògo Ọlọ́run ni ìkùukùu yẹn ń bò, kò kan ẹ̀ṣẹ̀ rárá. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ḥoshek, òun náà kò sì burú láti ìpilẹ̀ṣẹ̀: ní Jẹ́nẹ́sísì 1:5, Ọlọ́run sọ ọ́ ní òru, ó fún un ní àyè tirẹ̀. Ní Aísáyà 45:7, Ọlọ́run tún ní òun ló dá a.

Ohun tí èèyàn ń fi òkùnkùn ṣe ló bà á lórúkọ jẹ́. Ẹ ka Jóòbù 24:13–17 sókè fún wọn, ẹ má sáré. Alágbèrè ń retí kí ilẹ̀ ṣú, ó tún fi nǹkan bojú. Olè ń dá ògiri ilé lu lóru, torí amọ̀ ni ọ̀pọ̀ ògiri ìgbà náà, ó ṣeé gbẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá wá ń mọ́, òwúrọ̀ a dà bí òjìji ikú lójú wọn. Ìyẹn ni kókó rẹ̀: ẹni tó ń bẹ̀rù kí ilẹ̀ mọ́.

Òwe 4:19 gba ọ̀nà mìíràn. Níbẹ̀, ẹni búburú fúnra rẹ̀ ló ń fara gbọgbẹ́: ó kọsẹ̀, kò sì mọ ohun tó kọ lù. Fìtílà ayé ìgbà yẹn jẹ́ àwo amọ̀ kékeré tí àtẹ́lẹwọ́ gbà, òróró ólífì nínú rẹ̀, òwú ọ̀gbọ̀ létí rẹ̀. Ìṣísẹ̀ kan sí méjì ló ń tàn dé. Ẹni tí kò bá gbé e dání, òkúta kan ṣoṣo tó láti dà á wó.

Ìyá Ìjọ Ọmọdé
Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè kejì, torí ibẹ̀ la ti ń ṣi àwọn ọmọ lọ́nà. Òkùnkùn ni àìsí ìmọ́lẹ̀. Dúdú jẹ́ àwọ̀. Hébérù náà yà wọ́n sọ́tọ̀: shaḥor ni dúdú, òun ló sì wà ní Orin Sólómónì 5:11, níbi tí wọ́n ti ń yin irun olólùfẹ́ pé ó dúdú bí ẹyẹ ìwò. Ní 1:5, obìnrin náà ní òun dú, òun sì lẹ́wà. Àwọn atúmọ̀ kan fi "ṣùgbọ́n" sáàárín méjèèjì; "àti" náà tọ̀nà nínú Hébérù.

Bí ẹ bá ń wá àwọ̀ ẹ̀ṣẹ̀, ẹ ṣí Aísáyà 1:18. Pupa ni! Bíbélì wa àtijọ́ ní "bí wọ́n pọ́n bí àlàárì", aṣọ tí àwọn ìyá wa mọ̀ dáadáa. Lára kòkòrò ni wọ́n ti ń rí aró pupa tí Aísáyà ń sọ.

Nítorí náà, ẹ ṣọ́ra fún ìwé aláwọ̀ tí a fi ń kọ́ ọmọdé, èyí tí ojú ewé dúdú inú rẹ̀ dúró fún ẹ̀ṣẹ̀. Charles Spurgeon, oníwàásù ará Gẹ̀ẹ́sì, ti wàásù lórí irú rẹ̀ ní London ní 1866, ó sì ti tàn káyé. Ọmọ aláwọ̀ dúdú tó ń wò ó, ara rẹ̀ ló ń wò. Tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ lò: ẹ ti fèrèsé, ẹ pa iná, ẹ ní kí ọmọ kan wá bíbélì rẹ̀ lórí tábìlì, lẹ́yìn náà kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì. Ẹ kọ́kọ́ kó àga kúrò lọ́nà.

Olùkọ́-Ọ̀dọ́
Ẹ ṣé gan-an, Mà. Ti àlàárì yẹn wọ̀ mí lára. Ó ku ẹyọ kan: bí mo bá ti dárúkọ "iṣẹ́ òkùnkùn", ẹgbẹ́ òkùnkùn àti àjẹ́ ni wọ́n máa sọ.

Bàbá Bèréà
Ẹ mú wọn lọ sí Róòmù 13:12–13. Pọ́ọ̀lù ka iṣẹ́ òkùnkùn ní méjì-méjì, ọ̀nà mẹ́ta: ìrédè òru àti ìmutípara, ìwà èérí àti wọ̀bìà, ìjà àti ìlara. Ìlara wà níbẹ̀, ẹ kíyè sí i. Kò sì sí ẹni tó nílò ẹgbẹ́ kankan kó tó jowú. Éfésù 6:12 tí wọ́n fi ń tọ́ka sí aládùúgbò, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara kọ́ là ń bá jìjàkadì.

Ní ti 1 Jòhánù, Jòhánù fúnra rẹ̀ túmọ̀ òkùnkùn rẹ̀ ní 2:9–11: ẹni tó kórìíra arákùnrin rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwà ni, ti ìkùukùu Sínáì kọ́. Lára àwọn ìwé kíká tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí nínú ihò Kúmúránì, lẹ́bàá Òkun Òkú, ní 1947, ọ̀kan pa á láṣẹ pé kí èèyàn fẹ́ràn àwọn ọmọ ìmọ́lẹ̀, kó sì kórìíra àwọn ọmọ òkùnkùn. Ní ti Jòhánù, ìkórìíra gan-an lòkùnkùn.

Bí àyè bá ṣẹ́ kù, ẹ fi Jòhánù 13:30 hàn wọ́n. Júdásì gba òkèlè, ó jáde, "òru sì ni". Àárín oṣù ni Ìrékọjá máa ń bọ́ sí, nígbà tí òṣùpá bá kún, nítorí náà ìta kò lè ṣú tó bẹ́ẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé òru ta ni Jòhánù ń sọ, kí ẹ sì dákẹ́ títí ẹnì kan yóò fi dáhùn.