Èsì: "Eré elérè" kọ́ o. Ó dùn, ó le, kì í sú ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú àríyànjiyàn.

Fún ẹni tí kò bá wa bẹ̀rẹ̀: ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń túmọ̀ ìwé ìbéèrè nípa géèmù ló ní ká bá òun wá ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Àkọ́kọ́, géèmù tí ẹni tó ń ta á (bí a ṣe ń ta ayò) yóò fi mọ̀ pé làálàá òun kò já sófo. Ìkejì, èyí tí kò rọrùn, tó sì jẹ́ pé àìrọrùn yẹn gan-an ni èèyàn ń wá lọ síbẹ̀. Ìkẹta, èyí tí èèyàn yóò parí tán tí yóò tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn dá a lábàá pé ká pe àkọ́kọ́ ní "eré elérè". Ìyá wa, olùkọ́ àgbà, fi "eré apeniníjà" tì í lẹ́yìn fún ìkejì, ẹlòmíràn sì mú "eré alátúnṣe" wá fún ìkẹta. Ọ̀pọ̀ yín ti pàtẹ́wọ́. Èmi kò tíì pàtẹ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká tètè sọ "alátúnṣe" kúrò nílẹ̀. Ohun tó bàjẹ́ là ń ṣe àtúnṣe sí. Bí mo bá gbé fóònù lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, tí mo ní géèmù alátúnṣe ló wà nínú rẹ̀, ọmọ tó jókòó síbẹ̀ yóò mú irinṣẹ́ jáde ni. Ẹni tó ní ká sọ ọ́ di "àtatúnta" sún mọ́ ọn díẹ̀, nítorí a ní àkàtúnkà, a ní àwítúnwí, ìhun ọ̀rọ̀ náà sì gún. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí àwítúnwí ṣe máa ń dún lẹ́nu wa. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti sú wa là ń pè é bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sí géèmù tí a kò lè tún ta. Ohun tí ìwé ìbéèrè náà fẹ́ mọ̀ ni ohun tó ń mú kó wu èèyàn láti tún un ta.

"Eré elérè" ló dun etí jù, òun náà ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ yọ àmì ohùn kúrò lórí rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń kọ̀wé lórí fóònù, kí ẹ wá fún ọmọ ilé-ìwé kà. Yóò kà á sí eléré, yóò kà á sí ère tí a fi igi gbẹ́, bóyá erè tó ń gbé inú igbó pàápàá á yọjú. Ẹ ní ká kọ àmì ohùn? Ó dára, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́. Kí ni yóò wá sọ sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn nígboro lónìí bí ó bá gbọ́ pé eré kan ní èrè? Ilé tẹ́tẹ́ ni. Èrè ni ohun tó lé lórí owó ọjà. Ẹni tó bá rí i, á kó o sápò, á sì gba ilé lọ.

Mo fẹ́ fi géèmù kan ṣoṣo dán gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò, nítorí a ti ń sọ̀rọ̀ nínú afẹ́fẹ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Tetris ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé lógójì ọdún ti fọwọ́ kàn án rí, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Òun ló wà nínú Brick Game, ẹ̀rọ àtẹ́lẹwọ́ ará Ṣáínà tó kún ìgboro wa ní àwọn ọdún 1990, tí bátìrì rẹ̀ máa ń kú nígbà tí ọwọ́ èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yá. Alexey Pajitnov ló ṣe é ní Moscow ní ọdún 1984, lórí kọ̀ǹpútà Elektronika 60. Ẹ̀rọ yẹn kò mọ àwòrán yà, àmì akámọ́ tí a fi ń kọ̀wé ni Pajitnov tò pọ̀ kó tó rí bíríkì. Nígbà tó di 1989, Nintendo, ilé-iṣẹ́ géèmù ará Japan, ń tà á pọ̀ mọ́ Game Boy, ẹ̀rọ àtẹ́lẹwọ́ tiwọn, nínú páálí kan náà ní Amẹ́ríkà, ó sì di ohun tí gbogbo ayé ń ta.

Ojú rẹ̀ fẹ̀ ní àyè 10, ó ga ní 20. Ìrísí 7 ló ń já bọ́ láti òkè, bíríkì mẹ́rin mẹ́rin ló para pọ̀ di ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tó ń ta á yóò máa yí wọn, yóò sì máa tì wọ́n sọ́tùn-ún sósì kí wọ́n lè wọ ara wọn. Bí ìlà kan bá kún láti etí dé etí, ó pòórá. Bí òkìtì bá kan òrùlé, ó tán. Kò sí ìtàn nínú rẹ̀, kò sí ọmọ ọba tí a ń gbà sílẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n ti ń kí èèyàn kú oríire.

Níbo ni èrè wà níbẹ̀? Ẹ ó ní máàkì ni. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo máàkì. Nínú èyí tí Nintendo ṣe fún NES, ẹ̀rọ géèmù wọn tí a ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, bí èèyàn bá pa ìlà kan rẹ́ ní ìpele ìbẹ̀rẹ̀, 40 ni. Méjì jẹ́ 100, mẹ́ta jẹ́ 300. Mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà wá di 1200. Ẹ wo bí 1200 ṣe jìn sí 300. Òun ló fà á tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ta kì í fi í pa ìlà kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kún. Yóò to òpó mẹ́sàn-án, yóò fi ẹyọ kan sílẹ̀ létí lófìfo, yóò sì máa retí ọ̀pá gígùn (bíríkì mẹ́rin tó tò gbọọrọ), nítorí òun nìkan ló lè wọ ihò yẹn dé ìsàlẹ̀. Òkìtì ń ga. Ọ̀pá kò wá. Ó tún ga sí i, ojú ń wo igun tí wọ́n ti ń fi ìrísí tó kàn hàn. Nígbà tí ọ̀pá bá wá yọ, tó sì wọlé, ìlà mẹ́rin á lọ lẹ́ẹ̀kan náà, fáú! Gbogbo òkìtì á sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe é rí kò rántí 1200 ní àkókò yẹn.

Àwọn tó ń ta ayò láàárín yín mọ ohun tí mò ń sọ. Bí èèyàn ṣe ń kó ọmọ ayò jọ sínú ilé kan títí yóò fi di òdù, tó ń ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀, kí ẹnìkejì má baà fura. Ọmọ ayò 48 ló wà lórí ọpọ́n. Kódà bí ẹ bá jẹ 30 nínú rẹ̀, ẹ kò ní dì í sápò relé. A ó pín in padà sínú ilé méjèèjìlá ní mẹ́rin mẹ́rin, òpè á ní ká tún un ta, ọ̀ta á ní kó máa bọ̀. Látayébáyé, a kò pe ayò ní eré elérè. Ohun tí a máa ń sọ ni pé ayò náà dùn.

"Dùn" ni mo sì fẹ́ ká lò. Mo ti ń gbọ́ ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń sọ pé dùn ti kéré jù, pé ọbẹ̀ náà dùn, orin náà dùn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ tún un gbọ́. "Ó dùn" ni a ń wí nípa eré. "Ó dùn mọ́ mi" ni a ń wí bí inú wa bá dùn sí nǹkan. "Ó dùn mí" wá jẹ́ ìrora. Àwọn onímọ̀ gírámà lè ní ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni wọ́n, kó má jẹ́ ọ̀kan. Èmi kò bá wọn jà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tí òkìtì pa nígbà tó ku ọ̀pá ẹyọ kan, ó dùn ún wọra, kò sì ní sọ ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Méjèèjì ló wà nínú géèmù tó dára, ọ̀rọ̀ tiwa sì ti gbé méjèèjì pọ̀ sẹ́nu kan. "Ìtẹ́lọ́rùn" tí ẹnì kan dábàá kò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ẹni tí nǹkan bá ti tẹ́ lọ́rùn, á dìde, á lọ jẹun.

Ó wá kan "apeniníjà". Ìyá wa, mo kúnlẹ̀. Ìpèníjà ti jókòó sínú ìwé ìròyìn àti rédíò báyìí, a kò sì ní lè yọ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fi ń ṣe níbẹ̀: ìpèníjà iná mànàmáná, ìpèníjà ètò ààbò. Wàhálà ni wọ́n ń fi orúkọ tó mọ́ pè. Bí a bá sì padà sí ohun tí ọ̀rọ̀ náà wí gan-an, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tó ń pe ẹlòmíràn sí ìjà. Ta ló ń pe ẹni tó ń ta Tetris níjà? Kò sí alátakò níbẹ̀. Nínú ayò, a lè ní mo pa á láyò. Nínú Tetris tí èèyàn dá nìkan ń ta, kò sí ẹni tí a ń pa, àwa nìkan là ń kú. Ní ọdún 1997, onímọ̀ ìṣirò Heidi Burgiel tẹ ẹ̀rí jáde pé bí ó bá jẹ́ ìrísí méjì tó wọ́ bíi lẹ́tà S àti Z nìkan ló ń já bọ́ tẹ̀lé ara wọn, kò sí bí èèyàn ṣe lè gbọ́n tó, òkìtì yóò kan òrùlé ni. Ìjà wo ni ti ohun tí a ti mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò borí rẹ̀?

Ohun tí àwọn ọmọ wa ń sọ ni mo fara mọ́: "Ó le!" Ẹ tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n ń ráhùn, wọ́n sì ń yìn ín lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà la fi ń gbàdúrà pé kí ara ó le. Ohun tó nira kò rí bẹ́ẹ̀, ohun tó ṣòro kò rí bẹ́ẹ̀. Tetris fúnra rẹ̀ á jẹ́ ká rí ìyàtọ̀ náà. Nínú ti NES, kò sí òfin pé ọ̀pá gbọ́dọ̀ wá lásìkò kan. Ìrísí bíi ọgbọ̀n lè já bọ́ kí ọ̀pá tó yọjú, òkìtì á sì ti ga kọjá àtúnṣe. Ọ̀dá ni mo pè é, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń sọ pé ọ̀dá owó dá mi. Ìnira nìyẹn, nítorí ẹni náà kò ṣẹ̀. Nínú Tetris tòde òní, wọ́n máa ń po ìrísí méjèèje pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ jáde kí wọ́n tó tún wọn pò. Ọ̀dá dópin. Wọ́n mú ìnira kúrò, wọ́n fi líle sílẹ̀. (Àwọn àgbà ọ̀ta NES á ní èmi kò mọ nǹkan kan, pé ọ̀dá gan-an ló ń fi akin hàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí.)

Líle náà kò sì ní ìsàlẹ̀. Bí ìpele ṣe ń gòkè ni ìrísí ń yára já bọ́ sí i. Ní ìpele 29 ti NES, ìrísí ń já láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní ìdá mẹ́ta ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ ni wọ́n gbà pé eré náà parí sí, torí ọwọ́ kò lè yá tó bẹ́ẹ̀. Ní 2018, Joseph Saelee, ọmọ ọdún 16, fi àtàǹpàkò tó ń gbọ̀n bọ́tìnnì borí Jonas Neubauer, ẹni tó ti gba ìdíje àgbáyé Tetris ti NES lẹ́ẹ̀méje. Lẹ́yìn náà làwọn kan tún rí ọgbọ́n míràn: wọ́n gbé ìka kan lé orí bọ́tìnnì jẹ́ẹ́, wọ́n wá ń fi ìka ọwọ́ kejì lu ẹ̀yìn páàdì bọ́tìnnì tí wọ́n mú dání. Ní December 2023, ọmọ ọdún 13 kan ní Oklahoma ta á dé ìpele 157, géèmù náà sì dákú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọdún 34 lẹ́yìn tó jáde! Ẹ̀rọ kò yí padà rárá ní gbogbo àkókò yẹn, ọwọ́ èèyàn ló ń le sí i.

Fún ìkẹta, "kì í sú ni" ni tèmi. Bí ẹ bá fẹ́ orúkọ, àìsúni. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ní bárakú nìyẹn. Rárá o. Àwọn géèmù fóònù kan wà tó ń fúnni lẹ́bùn bí èèyàn bá ṣí i lójoojúmọ́, tí wọ́n sì ń gba ẹ̀bùn náà padà bí ó bá pa ọjọ́ kan jẹ. Wọ́n ti sú ẹni tó ń ta wọ́n tipẹ́, ọwọ́ ni kò lè kúrò níbẹ̀. Bárakú ni wọ́n, wọn kò ní àìsúni. Tetris lè wà nínú àpótí fún ọdún mẹ́ta kó má bi èèyàn léèrè. Ọjọ́ tí a bá tún mú un, tí a sì kú, a mọ ihò tí a fi sílẹ̀ lọ́wọ́ òsì ní ìlà kẹrin, a mọ̀ pé ọwọ́ ara wa ló ṣe é. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló kù kó tún bẹ̀rẹ̀, ìrísí kò sì ní tò tẹ̀lé ara wọn bíi ti àná.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, mo rò pé ibi tí a ti ṣìnà ni pé a fẹ́ fi ọ̀rọ̀-orúkọ ṣe ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe kéékèèké mẹ́ta ti ń ṣe láìlàágùn. Ẹ kọ ìbéèrè náà báyìí: "Kí ló mú kí géèmù tí o fẹ́ràn jù dùn, kí ó le, kí ó má sì sú ọ?" Ọmọ ọdún mẹ́wàá á dáhùn, ìyá rẹ̀ náà á dáhùn. Bí ìwé náà bá ní àyè orí-ọ̀rọ̀ tí kò gba ju ẹyọ kan lọ, ẹ fi adùn, líle àti àìsúni síbẹ̀.

Èyí tí n kò tíì rí ojútùú sí ni ọ̀rọ̀-ìṣe fún géèmù fúnra rẹ̀. "Ta" ni mo lò látòkè wá nítorí ayò, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ àdúgbò mi ń sọ pé àwọn ń "gbá" géèmù, torí bọ́ọ̀lù ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń ṣe lórí ẹ̀rọ. Àwọn mìíràn ń "ṣe" é. Ẹ̀yin tó wà ní Kútọnu àti Kétu, kí lẹ̀ ń gbọ́ lọ́dọ̀ yín? Ẹ tún bá mi rántí: nígbà Brick Game, kí lẹ̀ ń pe ìrísí S àti Z? Ọ̀pá ní orúkọ, bulọ́ọ̀kù ní orúkọ, ṣùgbọ́n èébú nìkan ni mo rántí pé a fi ń pe àwọn méjì yẹn ládùúgbò wa, n kò sì lè kọ ọ́ síbí.