Hotspot mi so mọ́ láptọ́ọ̀pù, ṣùgbọ́n kò gbé íntánẹ́ẹ̀tì dé ibẹ̀. Ẹ gbà mí o!

Akẹ́kọ̀ọ́ Sheffield

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti fẹ́ sọ mí di wèrè.

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa tó jẹ́ ọmọ ọdún 4 dé Sheffield ní Ìlú Ọba. Ilé tí a gbà kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tí yóò wá fà á wọlé sì ní ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ra síìmù Lebara, ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan níbí, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, mo kì í sí ojú kejì lára Samsung mi. Síìmù Nàìjíríà mi ló wà ní ojú kìíní. Lórí fóònù fúnra rẹ̀, gbogbo nǹkan ń lọ geere: WhatsApp, YouTube, Google Maps tí mo fi ń wá ọ̀nà ilé ìwé. Hotspot tí mo fẹ́ fi pín dátà fóònù fún àwọn ẹ̀rọ yòókù ni wàhálà. Tí mo bá tan án, láptọ́ọ̀pù á rí i, á gba password, á ní òun ti so mọ́ ọn, ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti kọ "No internet" sábẹ́ rẹ̀. Táblẹ́ẹ̀tì ọmọ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fóònù ìyàwó mi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ kan sì wà tí mo gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí ilé ìwé kí agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó lù. Orí fóònù ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́ láti àná. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọ orúkọ ìyá mi síbi ìdúpẹ́ ni fóònù ń yí i padà sí ọ̀rọ̀ òyìnbó kan tí n kò lè kọ síbí.

Ohun kan tún kù: owó fóònù tí mo lé sórí síìmù Nàìjíríà kí n tó wọ bàálù, ₦8,000, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti jó tán. N kò pe ẹnikẹ́ni o. Ta ló jẹ ẹ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham

Pa fóònù, tún un tàn. Ire o.

Akẹ́kọ̀ọ́ Sheffield

Ẹ̀gbọ́n, mo ti pa á, mo ti tún un tàn, ó tó ẹ̀ẹ̀mẹfà. Mo ti pa láptọ́ọ̀pù náà. Èmi nìkan ló kù kí n pa ara mi kí n tún ara mi tàn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Leeds

Ẹ kú àtẹ̀gùn ìlú tuntun o. Síìmù olówó pọ́ọ́kú ni kó má baà jẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń dí hotspot pa lórí irú rẹ̀. Tèmi ni pé kí ẹ lọ ra ti EE, ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńlá, kí ẹ sinmi.

Bọ̀dá Oníṣẹ́-Fóònù, Manchester

Àbúrò, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Àǹtí mi, ẹ má bínú, wọ́n máa ń dí i lóòótọ́ lórí àwọn ètò dátà kan, ṣùgbọ́n wọn kò fòfin de hotspot lórí síìmù yẹn. Ìgbà tí mo ń jókòó ní Computer Village ní Ìkẹjà ni mo ti mọ àìsàn yìí, mo sì ṣì ń rí i níbí, àgàgà lára fóònù tó bá ti ilé wá.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Fóònù kì í ṣàdédé wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní ojú ọ̀nà tó ń gbà, òun ni wọ́n ń pè ní APN. Wọ́n á sì kọ ọ́ sára ojú ọ̀nà yẹn irú ẹrù tó lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹrù ti fóònù fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní default. Ẹrù tó fẹ́ ti ara fóònù kọjá lọ bá láptọ́ọ̀pù tàbí táblẹ́ẹ̀tì, dun ni wọ́n ń kọ fún un. Tí dun kò bá sí níbẹ̀, fóònù mìíràn á dá ẹrù láptọ́ọ̀pù dúró lẹ́nu ibodè. Onílé ń jẹun, àlejò tó jókòó tì í ń wò ó lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí láptọ́ọ̀pù fi rí Wi-Fi yín tí kò rí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ wọ Settings, ẹ wọ Connections, ẹ wọ Mobile networks, ẹ wá wọ Access Point Names. Èyí tí ẹ bá bá níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Samsung mìíràn kì í jẹ́ kéèyàn tún un kọ. Ẹ tẹ Add lókè. Ẹ kọ Lebara síbi Name, uk.lebara.mobi síbi APN, wap síbi Username, wap náà síbi Password. Ẹ wá rọra sọ̀ kalẹ̀ títí ẹ ó fi kan APN type, ẹ kọ default,supl,dun síbẹ̀, kí ó má sí àlàfo kankan láàárín wọn, kọ́mà nìkan. Síbi APN protocol, ẹ mú IPv4/IPv6. Àmì mẹ́ta tó tò lé ara wọn bí ẹ̀wà lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ Save.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á kọ tuntun tán, wọ́n á gbàgbé pé ti àtijọ́ ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ bọ́tìnnì róbótó tó wà níwájú tuntun kí àárín rẹ̀ lè kún. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tan Airplane mode, ẹ ka ení èjì títí dé ẹ̀wá, ẹ pa á. Ẹ tan hotspot, kí ẹ fún wa lábọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Sheffield

Bọ̀dá mi, mo ṣe é bí ẹ ṣe wí, ṣùgbọ́n bí mo ṣe tẹ Save báyìí, ó pòórá. N kò rí i mọ́ nínú àwọn tó wà níbẹ̀. Láptọ́ọ̀pù náà kò yí ohùn padà.

Bọ̀dá Oníṣẹ́-Fóònù, Manchester

Ẹ wo òkè ojú fóònù yín níbi APN yẹn. Orúkọ síìmù méjèèjì wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Abẹ́ èwo lẹ ti kọ ọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ Sheffield

Yéè. Abẹ́ ti Nàìjíríà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham

Ó gbé kọ́kọ́rọ́ ilé Sheffield fún ìlẹ̀kùn Ìbàdàn 😂

Akẹ́kọ̀ọ́ Sheffield

Ẹ̀YIN ÈÈYÀN MI. Ó ti ṣiṣẹ́ o! Orí láptọ́ọ̀pù ni mo ti ń kọ èyí. Mo tún un kọ sábẹ́ Lebara, mo tẹ bọ́tìnnì róbótó, mo tan Airplane mode, mo kà dé ẹ̀wá, kí n tó mọ̀, ìwé ìròyìn ti ń ṣí. Ìyàwó mi ní kí n sọ fún Bọ̀dá pé àmàlà wọn ti wà níná.

Bọ̀dá Oníṣẹ́-Fóònù, Manchester

Mo gbọ́ o, gbẹ̀gìrì náà ńkọ́? Ẹ̀yin tí ń ka èyí tí ẹ ń lo EE, APN tiyín ni everywhere, username eesecure, password secure. Ti Three ni three.co.uk, ẹ fi username àti password sílẹ̀ lófìfo.

Ọ̀rọ̀ ₦8,000 wá kù. Síìmù Nàìjíríà yín ló jẹ ẹ́, kì í ṣe àjẹ́. Nígbà tí ẹ balẹ̀, òun nìkan ló wà nínú fóònù, dátà rẹ̀ wà ní títàn, roaming rẹ̀ (èyí tó ń jẹ́ kí síìmù lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilẹ̀ òkèèrè) wà ní títàn. Fọ́tò tí ẹ yà ní pápákọ̀ òfuurufú ń gòkè lọ sí Google Photos, WhatsApp ń kó fídíò àwọn ẹbí wọlé, gbogbo rẹ̀ ní owó ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ wọ SIM manager, ẹ fi Mobile data sí Lebara, ẹ sì pa Auto data switching, nítorí òun ni yóò máa sá padà sọ́dọ̀ síìmù Nàìjíríà nígbàkígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí bá ṣe ségesège. Ẹ pa Data roaming náà.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Leeds

Mo gba ìbáwí o, Bọ̀dá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: àbúrò, ẹ má yọ síìmù Nàìjíríà yẹn jù sínú àpótí. Orí rẹ̀ ni OTP báńkì yín, nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹ̀yin ni, ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kó wà nínú fóònù, kí dátà rẹ̀ ṣáà ti wà ní pípa. Ẹ sì máa lò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ SMS kan péré. Òfin NCC, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà, ni pé láìnì tí kò bá pa owó kankan wọlé fún oṣù 6, wọ́n lè tì í. Bó bá tún lo oṣù 6 mìíràn bẹ́ẹ̀, wọ́n lè gba nọ́ńbà yẹn lọ fún ẹlòmíràn. Nọ́ńbà tí mo ti ń lò láti ìgbà tí mo ṣì wà ní ilé ìwé nọ́ọ̀sì, bó ṣe lọ nìyẹn. Ọkùnrin kan ní Àkúrẹ́ ló ń gbé e báyìí, mo pè é wò.

Akẹ́kọ̀ọ́ Sheffield

Háà! Kí lẹ wá sọ fún un?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Leeds

Mo ní kó bá mi kí àwọn tó ń pè mí.

Ìyá Ìbejì, Birmingham

Ẹ kú oríire, ìyàwó wa náà kú àmójúkúrò. Ṣùgbọ́n ẹ ó padà wá sọkún níbí láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ kò bá ṣọ́ láptọ́ọ̀pù yẹn. Ó rò pé Wi-Fi ilé ni, kò mọ̀ pé dátà ni. Tèmi, òru kan ló fi kó ìmúdójúìwọ̀n Windows wọlé, GB 15 tí mo rà fún oṣù kan lọ lójú oorun. Ẹ wọ Settings láptọ́ọ̀pù, Network & internet, Wi-Fi, ẹ tẹ orúkọ hotspot yín, ẹ wá tan Metered connection. Windows kò ní kó ẹrù ńlá wọlé mọ́ láìgbàṣẹ.

Táblẹ́ẹ̀tì ọmọ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù jù. Netflix fúnra wọn sọ pé fídíò HD lè jẹ tó GB 3 ní wákàtí kan. Ọmọ ọdún 4 kì í sì wo eré kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí èyí tó kéré jù, kò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ìbejì mi kò mọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Sheffield

Ẹ ṣeun púpọ̀, Mà. Ìyàwó mi fẹ́ ra síìmù Lebara tirẹ̀ kí òun náà lè máa pín in fún táblẹ́ẹ̀tì. iPhone 13 ló ń lò. Wọ́n ti tan síìmù kan wò lórí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, Personal Hotspot kò tiẹ̀ yọjú rárá.

Ìyá Ìbejì, Birmingham

Baba kan náà ló bí wọn. Settings, Mobile Data, Mobile Data Network, kó lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, yóò rí ibi tí wọ́n kọ Personal Hotspot sí, òfìfo ló máa wà. Kó tún kọ uk.lebara.mobi àti wap méjèèjì síbẹ̀, kó pa fóònù kó tún un tàn. Tí táblẹ́ẹ̀tì tó ti pẹ́ kò bá wá rí hotspot rẹ̀, kó tan Maximise Compatibility. Ohun tí ìyẹn ń ṣe ni pé ó ń mú Wi-Fi kúrò lórí 5GHz wá sí 2.4GHz tí ẹ̀rọ àtijọ́ mọ̀.

Bàbá Onímọ́tò, Luton

Mo ní MiFi kan, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi síìmù pín Wi-Fi, tí mo gbé wá láti Èkó ní 2014. Ṣé kí n fi ránṣẹ́ sí ọmọ yìí?

Bọ̀dá Oníṣẹ́-Fóònù, Manchester

Bàbá, ẹ ṣeun, Ọlọ́run yóò máa bù sí i fún yín. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ 3G nìkan ló mọ̀, igi ìdáná ló dà. Vodafone àti EE ti pa 3G wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Tó bá sì jẹ́ pé ilé iṣẹ́ kan ní Nàìjíríà ló tà á, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti tì í mọ́ síìmù tiwọn nìkan.

Ìyá Àgbà, Bódìjà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Mò ń lọ bá ọmọ mi tọ́jú ìkókó ní Houston lóṣù tó ń bọ̀. Tecno ni mò ń lò. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ yìí náà ni kí n ṣe?

Ọmọ Òṣogbo, Houston

Ẹ káàárọ̀ o, Mà, ẹ kú ìnáwó ọmọ tuntun. Mà, ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Nàìjíríà àti Ìlú Ọba jọ ń lo band 3 àti band 20 (band ni ìgbì rédíò tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbà) fún 4G, ìdí nìyẹn tí Tecno fi ń ṣe dáadáa ní London. Níbí, 2, 4, 12, 66 àti 71 ni wọ́n gbójú lé, ọ̀pọ̀ Tecno kò sì ní wọn tán. 3G tí ì bá gba fóònù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ti kú láti 2022. AT&T tiẹ̀ ní orúkọ àwọn fóònù tí wọ́n fọwọ́ sí, èyí tí kò bá sí níbẹ̀, wọn kò ní jẹ́ kó pè.

Mà, ẹ gbé Tecno yín dání fún OTP àti WhatsApp, ẹ máa fi Wi-Fi ilé ọmọ yín lò ó. Fún ìgbà tí ẹ bá jáde, kí ọmọ yín bá yín wá iPhone àlòkù. Tó bá jẹ́ 14 sókè tí wọ́n tà níbí, ihò síìmù kò sí lára rẹ̀ o, eSIM nìkan, síìmù tí kò ṣeé fọwọ́ kàn, ló ń gbà. Síìmù yín kò ní rí ibi wọ̀, nítorí náà ẹ má fi Tecno yín tọrẹ fún ẹnikẹ́ni. Tí WhatsApp bá sì bi yín bóyá kí ó yí nọ́ńbà yín padà sí ti Amẹ́ríkà, ẹ ní rárá.

Ìyá Àgbà, Bódìjà

Mo gbọ́, ọkọ mi. Àbúrò mi kan ti ń yọ́ Tecno yẹn wò tẹ́lẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Sheffield

Mo padà dé o. Mo fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ ní agogo 11 kọjá ìṣẹ́jú 42. Orúkọ ìyá mi pé pérépéré níbẹ̀, ti òun ti àmì ohùn. iPhone ìyàwó mi náà ti ń pín dátà, táblẹ́ẹ̀tì so mọ́ ọn, àwòrán rẹ̀ rí bàìbàì, ọmọ kò sọ nǹkan kan.

Ìyàwó mi ní kí n bi yín: níbo ni wọ́n ti ń ta ẹ̀fọ́ ṣọkọ ní Sheffield?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham

Ẹ ṣí ìbéèrè tuntun fún ìyẹn. Ẹjọ́ rẹ̀ gùn ju ti APN lọ.