Ògiri ń rin láti ìsàlẹ̀, síìlìn náà ti ní àbàwọ́n: kí ni ká kọ́kọ́ ṣe?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé búlọ́ọ̀kù ni, ní Ìkẹ́rẹ́, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àpáta ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti ìgbà tí òjò ti dé ni ògiri yàrá ẹ̀yìn ti ń rin dé orúnkún. Ọ̀dà ń bó, nǹkan funfun sì ń hù lára rẹ̀. Síìlìn yàrá kejì náà ti pọ́n rúsúrúsú nítòsí gílóòbù. Ẹni tó ń kun ilé ní ọ̀dà olóròóró lá á gbà á, bíríkìlà ní ká lẹ taìsì mọ́ ọn.

Bíríkìlà Adó: Ẹ má ṣe èyíkéyìí níbẹ̀. Omi ilẹ̀ ló ń gun ògiri yẹn bí kẹrosíìnì ṣe ń gun òwú àtùpà. Iyọ̀ inú ilẹ̀ ni nǹkan funfun yẹn. Tí ẹ bá fi taìsì dí i, omi ò ní ríbi jáde, á gùn kọjá orúnkún.

Ẹ wo ẹ̀yìn ilé ná. Ó kéré tán, ó yẹ kí erùpẹ̀ ìta fi sẹ̀ǹtímítà 15 rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ inú ilé lọ. Tí àgbàrá bá ti kó erùpẹ̀ bo ọ̀rá tí wọ́n tẹ́ sórí ìpìlẹ̀ kí omi ilẹ̀ má bàa gun ògiri, ọ̀rá yẹn ò ṣiṣẹ́ mọ́.

Olùbéèrè: Erùpẹ̀ ti ga ju ilẹ̀ ilé lọ o! Ṣé ká gbẹ́ gọ́tà sẹ́bàá ògiri?

Bíríkìlà Adó: Rárá o, ìpìlẹ̀ lẹ máa yọ lẹ́sẹ̀ yẹn. Ẹ kó erùpẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ fi mítà kan jìnnà sí ògiri kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ẹ: sẹ̀ǹtímítà 45 sísàlẹ̀, 30 ní fífẹ̀, kó má sì jìn ju ìpìlẹ̀ lọ. Kó máa fi sẹ̀ǹtímítà kan rẹlẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ da òkúta gíráníìtì sí i, kẹ́ ẹ darí omi sí gọ́tà títì, kì í ṣe àgbàlá aládùúgbò.

Nínú ilé, ẹ ha ibi tí wọ́n rẹ́ kúrò títí dé sẹ̀ǹtímítà 30 lókè ibi tí omi dé. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fi gbá iyọ̀ náà. Tẹ́ ẹ bá fi omi fọ̀ ọ́, inú ògiri ló ń padà sí. Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ fẹ́ ẹ gbẹ. Ibí yìí làwọn èèyàn ti máa ń kánjú. Ẹ wá fi símẹ́ǹtì kan sí yanrìn mẹ́rin rẹ́ ẹ, kó gbẹ fún oṣù kan kẹ́ ẹ tó fi ọ̀dà olómi kùn ún.

Kápẹ́ńtà Ọ̀yẹ́: Ti síìlìn: ẹ pa iná láti ibi tó ti wọlé, nítorí gílóòbù yẹn. Òkè àbàwọ́n gan-an kọ́ ni páànù ti sábà máa ń jò, omi máa ń tọ igi òrùlé kó tó kán. Rọ́bà ìdí ìṣó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, oòrùn máa ń là á. Kí ẹnì kan fi họ́ọ̀sì da omi sórí páànù láti ẹsẹ̀ òrùlé lọ sókè, kí ẹnì kejì wà nínú àjà; tẹ́ ẹ bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní mọ ibi tó ń jò. Tó bá jẹ́ síìlìn àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́ ni, ẹ má fi ayùn rẹ́ ẹ, eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Pọ́lọ́ńbà: Ṣé balùwẹ̀ ò sí lẹ́yìn ògiri yẹn ṣá? Kẹ́ ẹ tó gbẹ́lẹ̀, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi lálẹ́, kẹ́ ẹ fi igi wọn omi inú táǹkì. Tó bá ti fà láàárọ̀, omi ń jò níbì kan nìyẹn, ó sì lè jẹ́ páìpù inú ògiri.