Ṣé orin kíláásíkà ojúkojú máa ń tu ẹranko inú ọgbà lára?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹranko. Àwọn olórin kan fẹ́ wá ta fáyólìn, kí wọ́n sì tẹ dùùrù lẹ́bàá ibi tí àwọn erin wa ń gbé. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò tíì balẹ̀: bí erin bá dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí orin ń lọ, ṣé ìgbádùn ni àbí ìbẹ̀rù?

Ìdáhùn kìíní: Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń béèrè èyí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1798, àwọn olórin ṣeré fún erin méjì, Hans àti Marguerite, ní ìlú Paris, kí wọ́n lè wo ìṣesí wọn. Èyí tí mo gbára lé jù ni ìwádìí tó jáde ní ọdún 2008 lórí àwọn erin ọgbà ẹranko ìlú Belfast, ní Northern Ireland. Nígbà tí wọ́n ń gbọ́ orin kíláásíkà, àṣà fífì síhìn-ín sọ́hùn-ún lójú kan, èyí tí a mọ̀ mọ́ erin tí ara rẹ̀ kò lélẹ̀, dín kù gan-an. Àmọ́ inú ẹ̀rọ ni orin náà ti ń jáde; kò sí àjèjì kankan tó dúró síwájú wọn.

Ìdáhùn kejì: Ẹ má ṣe fi ti erin díwọ̀n ẹranko yòókù. Ní ọdún 2009, Charles Snowdon, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹranko, àti David Teie, olórin, fi hàn pé àwọn ọ̀bọ kéékèèké tí à ń pè ní tamarin kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kọbi ara sí orin ènìyàn. Orin tí Teie ṣe ní ìbámu pẹ̀lú ohùn tamarin fúnra wọn ló yí ìṣesí wọn padà: èyí tó jọ igbe ìpayà kó wọn láyà sókè, èyí tó tutù sì mú kí wọ́n fara balẹ̀.

Ìdáhùn kẹta: Ní ti dídúró jẹ́ẹ́ erin tí ẹ béèrè, etí rẹ̀ ni kí ẹ wò. Bí ó bá na etí méjèèjì síta gbagada, tó gbé orí sókè, tí kò sì jẹun mọ́, ó ń ṣọ́ra ni. Bí ó bá ń fẹ́ etí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tó ń mi ìrù, tó sì ń fi ọwọ́jà kó koríko sẹ́nu, ara tù ú. Erin a máa gbọ́ ohùn tó rinlẹ̀ ju èyí tí etí wa lè gbọ́ lọ, ó sì ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ mọ ìgbọ̀nrìrì ilẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí àwọn ohun èlò olóhùn ńlá jìnnà díẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀, kí èyí tí kò bá fẹ́ orin lè kúrò níbẹ̀.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun púpọ̀. A ó ṣí ilẹ̀kùn náà kí àwọn olórin tó dé, ẹnìkan nínú wa yóò sì máa kọ ìṣesí erin kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá ti lọ tán.