Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti du irin rí, tẹ́ ẹ tún ti dúró lórí ìtàgé, ẹ wá sọ tẹnu yín

Irin_Tútù
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin tèmi. Mo ti ń gbé irin láti 2019, iṣẹ́ wáyà ni mo fi ń jẹun, kò sẹ́ni tó ń fún mi ní kọ́bọ̀ lórí irin, ìfẹ́ ọkàn lásán ni. Lọ́dún yìí mo fẹ́ lọ du squat (gbé irin léjìká, lóṣòó, kó o dìde), bench (dùbúlẹ̀, ti irin sókè láti àyà) àti deadlift (gbé irin nílẹ̀ dìde) lóṣù kẹjọ, mo tún fẹ́ bọ́ sórí ìtàgé lóṣù kọkànlá kí wọ́n wo bí ara mi ṣe là. Kóòṣì mi ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Ẹni tó bá ti ṣe méjèèjì rí ni kó dá mi lóhùn o, kì í ṣe ẹni tó wo fídíò.

Akẹ̀sán_Boy
Kóòṣì ẹ sòótọ́.

Ọmọ_Ajílété
Jẹ́ n sọ tèmi fún ẹ. Lọ́dún tó kọjá mo ń rù fún ìtàgé, lẹnìkan bá sọ fún mi pé ìdíje agbára kan ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, mo ní kò burú, ṣebí irin náà ni, mo forúkọ sílẹ̀ sí ìpín àwọn tí ò ju kílò 83 lọ. Ó ku ọ̀la kí wọ́n wọ̀n wá, mo gun síkéèlì, ó ní 86. Háà. Mo dá omi dúró, mo wọ suẹ́tà méjì, mo gbé réènkóòtù lé e, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti Arójẹ bọ̀ wá sí Tákíè lọ́sàn-án gangan, oòrùn ń jó mi lórí, àwọn ọlọ́kadà ń pariwo "bọ̀dá, ta ló ń lé yín?", ìyá kan tó ń ta àgbàdo sísun dìde, ó bu omi wá bá mi, ó ní ọmọ mi, jókòó, kò sóhun tí Ọlọ́run ò lè ṣe. Mo sunkún díẹ̀, mi ò ní parọ́. Lọ́jọ́ kejì mo wọ̀n 82.7. Àmọ́ wákàtí méjì péré ló wà láàárín kí wọ́n wọ̀n wá àti kí squat bẹ̀rẹ̀, mo ti fi àkàrà, bùrẹ́dì àti ẹ̀kọ di ikùn, inú wú, agbára ò dé. 180 tí mo ń gbé nílé bí ẹni gbọ́mọ pọ̀n, ẹ̀ẹ̀mejì ló tẹ̀ mí mọ́lẹ̀, ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni mo tó rí i gbé. A dé bench, ara mi ti mọ́ ti jíìmù, tí irin bá ti kan àyà báyìí màá tì í padà ni, rẹfirí ò tíì sọ "press", èmi ti gbé e dókè. Iná pupa mẹ́ta, wọn ò kà á fún mi. Ti deadlift ni kí n má sọ, iṣan ẹsẹ̀ fà mí, mo wó síbẹ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n dè. Kílò 45 ni mo fi dín sí ohun tí mò ń gbé nílé.

Àdùkẹ́_Gbérin
"Bọ̀dá, ta ló ń lé yín" 😂😂😂 Ẹ̀rín pa mí débi tí oníbàárà mi fi ní kí n fi irun òun sílẹ̀ ná.

Ẹ̀gbọ́n_Sábó
Ìyá alágbàdo yẹn rò pé orí ẹ ti yí ni.

Ọmọ_Ajílété
Ẹ̀gbọ́n, ó ṣì rò bẹ́ẹ̀ dòní. Tí mo bá ń kọjá ó máa ń bi mí pé ṣé ara ti ń yá díẹ̀díẹ̀.

Akẹ̀sán_Boy
Ó dáa, nígbà tójú ò ti Ajílété, èmi náà á sọ tèmi. Wọ́n ṣe kiní kan níbì kan, mi ò ní dárúkọ, ìfara-hàn láàárọ̀, bench lọ́sàn-án, ẹni tó bá wù lè ṣe méjèèjì. Láàárọ̀ mo ti fi òróró ọmọdé para dáadáa, mò ń dán bí ìkòkò tuntun, wọ́n tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọ̀sán dé, mo kàn fi táwẹ̀lì nura ṣákálá, mo wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ irin. 120. Bí mo ṣe ní kí n fẹsẹ̀ tilẹ̀ báyìí, ẹ̀yìn mi bá yọ̀, mò ń lọ lórí pákó bí ẹja àrọ̀, irin ń bọ̀ lọ́nà ọ̀fun mi. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn méjì tó dúró ti irin. Rẹfirí wá fi ìka kan kàn mí léjìká, ó gbóòórùn ẹ̀, ó ní "ọ̀gbẹ́ni, ṣé o fẹ́ dín ara ẹ ni?"

Irin_Tútù
Yéè! Ìwọ lo wá ń sọ pé kóòṣì mi sòótọ́, tó o fi ń dákẹ́ látàárọ̀.

Físíò_UnderG
Òfin ni ìyẹn o. Òróró ò gbọ́dọ̀ kan ara ẹni tó ń gbé irin ìdíje, àtíkè ni wọ́n gbà lára itan, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ó parí.

Irin_Tútù, ètò tó o là kalẹ̀ yẹn ò burú, agbára ṣíwájú, ìtàgé tẹ̀ lé e. Tó o bá yí i padà lọ̀ràn ń bẹ. Ara tó ń rù kì í gbé irin tó wúwo fún èèyàn, ohun tó ń jẹ ò tó ohun tó ń ná. Èmi gbé 220 ní deadlift nígbà tí mo jẹ́ kílò 92. Mo rù dé 80 fún ìtàgé, 190 ń gbọ̀n mí lẹ́sẹ̀. Kì í ṣe pé mo di ọ̀lẹ. Títí oṣù kẹjọ, ohun tó wúwo ni kó o kọ́kọ́ gbé bó o bá ti dé jíìmù, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí ẹ̀ẹ̀márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, kó o sinmi dáadáa láàárín ẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ni kó o wá fi irin fẹ́ẹ́rẹ́ ṣe èjìká àti ẹ̀yìn ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ẹ̀ẹ̀méjìlá fún ìtàgé. Tí oṣù kẹjọ bá ti kọjá, sinmi ọ̀sẹ̀ kan, kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín oúnjẹ. Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ẹ pé irin tó wúwo débi tó ò fi lè gbé e ju ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ lo máa gbé tó o bá ń rù, orúnkún ẹ á sọ̀rọ̀.

Àdùkẹ́_Gbérin
Físíò ti sọ ti ara, ẹ jẹ́ n sọ ti ilé. Kílò 63 ni mo wà tí mo bá ń du irin, kò sẹ́ni tó bá mi wí lórí ìyẹn, wọ́n kàn ní kí n máa gbé gáàsì fáwọn. Mo lọ sórí ìtàgé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Aṣọ yẹn kéré, ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ má jẹ́ n máa ṣàlàyé. Bàbá mi díákónì ni, ìjọ Onítẹ̀bọmi, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ohun tí mò ń wí. Àbúrò mi òpònú ju fọ́tò náà sórí WhatsApp ẹbí, bàbá ńlá, àǹtí Ìlọrin, gbogbo wọn pé síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Bàbá mi wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Ta ni arákùnrin yìí?"

Ọmọ_Ajílété
Jésù!!!

Ẹ̀gbọ́n_Sábó
Mo ti dìde kúrò lórí àga.

Àdùkẹ́_Gbérin
Ó kù. Àbúrò mi ní "Bàbá, àǹtí Àdùkẹ́ ni." Bàbá pè mí lójú ẹsẹ̀. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bú mi. Wọ́n fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé "Àdùkẹ́, ṣé owó aṣọ ni kò tó? Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

Akẹ̀sán_Boy
Ìyá tèmi rí fọ́tò mi, ó ní kí n lọ ṣe ìdánwò ẹ̀jẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tí iṣan ẹ̀ ń yọ bẹ́ẹ̀ tára ẹ̀ dá.

Ìyá_Wárà
Ẹ̀yin ọmọ yìí, mo ń kà yín láti àná. Mo máa ń rí yín lọ́dọ̀ mi ní Sábó, ẹ ń ra wárà tọwọ́ tẹsẹ̀, mi ò mọ̀ pé pátá lẹ fẹ́ lọ fi hàn aráyé.

Irin_Tútù
Màmá ẹ kú iṣẹ́ 😂 Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi ní wárà ẹgbẹ̀rún kan lọ́la. Físíò, ìbéèrè kan: tí mo bá ń rù, ọkà ńkọ́? Kóòṣì ní kí n fi í sílẹ̀ pátápátá, kí n máa jẹ oats.

Ọmọ_Ajílété
Kóòṣì ẹ kì í ṣọmọ ìlú yìí. Ajílété níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ, lo fẹ́ fi ọkà sílẹ̀? Ó yá, lọ sọ fún ìyá ẹ.

Akẹ̀sán_Boy
Ìdí tí ikùn yín fi tóbi nìyẹn. Àwa ará Ọ̀yọ́ la mọ ọkà á rò, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jẹ.

Ọmọ_Ajílété
Ẹni tó yọ̀ lórí bench bí ẹja àrọ̀ ń sọ̀rọ̀.

Físíò_UnderG
Ọkà ò ṣe nǹkan kan fún yín. Òkèlè márùn-ún lẹ́yìn jíìmù ò lè ba ara jẹ́, òkèlè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láago mẹ́wàá alẹ́ ló ń ṣe é. Lọ́jọ́ tó o bá máa gbé irin tó wúwo, jẹ ẹ́ jàre. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ lé lórí ni ohun tó wà lórí ẹ̀. Ẹyin, ẹja, wárà, ẹ̀wà. Ẹ ò lè fi pọ̀ǹmọ́ mẹ́fà kọ́ àyà.

Ẹ̀gbọ́n_Sábó
Má fọwọ́ kan pọ̀ǹmọ́ o.

Físíò_UnderG
Ẹ̀gbọ́n, prótíìnì wà níbẹ̀, àmọ́ kò pé, nǹkan kan nínú ohun tí iṣan fi ń kọ́lé ò sí nínú awọ.

Ẹ̀gbọ́n_Sábó
Pọ̀ǹmọ́ ni mo jẹ dàgbà. Ní 1994 kò sí jíìmù tẹ́ ẹ̀ ń san owó oṣù fún yìí, páìpù omi la mú, a po sìmẹ́ǹtì sínú agolo ńlá méjì, a rì í sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ọ̀sẹ̀ kan la fi dúró kó gbẹ. Mo gbé 250 nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú gbogbo àdúgbò. Kò sí bẹ́líìtì, kò sí ṣọ́ọ̀kì, kò sí ìyẹ̀fun prótíìnì.

Akẹ̀sán_Boy
Ẹ̀gbọ́n ẹ má bínú o, ta ló wọ̀n ọ́n?

Ẹ̀gbọ́n_Sábó
Báàgì sìmẹ́ǹtì kan, kílò 50. A lo méjì. Fi iyanrìn àti òkúta kún un. Ṣírò ẹ̀.

Akẹ̀sán_Boy
Inú agolo méjì?

Físíò_UnderG
Ẹ̀gbọ́n, agolo wo ló gba báàgì kan lẹ́nìkọ̀ọ̀kan? Dúrọ́ọ̀mù lẹ fi gbé nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n_Sábó
Agolo ìgbà yẹn tóbi.

Àdùkẹ́_Gbérin
Agolo ìgbà yẹn tóbi 😭 Ẹ fi ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ jàre.

Akẹ̀sán_Boy
Ká tó kúrò lórí ọ̀rọ̀, Ronnie Coleman ńkọ́? Ó gba Mr. Olympia, ìdíje ìfara-hàn tó ga jù láyé, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, 1998 títí dé 2005, ó sì ti fi squat gbé 800 pound rí, ìyẹn bíi kílò 363. Ó ṣe méjèèjì nìyẹn. Franco Columbu náà gba Mr. Olympia ní 1976 àti 1981, ó du irin, ó dúró lórí ìtàgé.

Físíò_UnderG
Lọ wo bí Ronnie ṣe ń rìn báyìí. Àìmọye iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ti ṣe sí ẹ̀yìn ẹ̀, ọ̀pá ló fi ń tilẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ò kábàámọ̀ o, àmọ́ ìwọ ò gba owó Ronnie. Franco, ní 1977 wọ́n ní kó gbé fíríìjì pọ̀n kó máa sáré níbi ìdíje alágbára àgbáyé, ẹsẹ̀ ẹ̀ yẹ̀ lójú tẹlifíṣàn.

Ọmọ_Ajílété
Fíríìjì ẹ̀wẹ̀. Kí ni fíríìjì ṣe fún wọn?

Àdùkẹ́_Gbérin
Ẹ̀yin ọkùnrin, Ronnie, Ronnie. Foláṣadé Olúwafẹmiayọ̀ tiwa gbé 167 ní bench ní Paris 2024, ó gba góòlù, ti Tokyo sì wà lọ́wọ́ ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdíje àwọn aláàbọ̀ ara ni, orí pákó lẹsẹ̀ wọn máa ń wà, wọn ò fi tilẹ̀ rárá. Ta ló ti gbé 167 níbí? Ẹ sọ̀rọ̀.

Àdùkẹ́_Gbérin
Mò ń dúró o.

Ẹ̀gbọ́n_Sábó
Bench ò sí nígbà tiwa.

Ọmọ_Ajílété
142.5. Mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́.

Irin_Tútù
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti pinnu, màá ṣe ti oṣù kẹjọ ní kílò tí mo bá wà, mi ò rù fún nǹkan kan, mi ò sì wọ réènkóòtù. Màá lọ máa dúró de "press" láti òní, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á máa pè é fún mi nílé. Ti oṣù kọkànlá, màá wo bí ẹ̀yìn mi bá ṣe rí. Ó ku síńgílẹ́ẹ̀tì ìdíje, èyí tó bo àyà dé itan, ta ló ní èyí tí mo lè yá?

Akẹ̀sán_Boy
Mo ní ọ̀kan, ó kàn ya díẹ̀ nídìí. Ṣùgbọ́n mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, òróró yẹn ò jáde.

Àdùkẹ́_Gbérin
Mo ń ka ibi tẹ́ ẹ ti ń sọ̀rọ̀ sétí bàbá mi. Wọ́n ní kí n bi Irin_Tútù, ti oṣù kẹjọ yẹn, ṣé wọ́n máa ń wọṣọ níbẹ̀?